Kíka òfin pọ̀ mọ́ tíọ́lọ́jì: ṣé kí n gbà á, àbí kí n mú ọ̀kan?

AbéèrèKìíṢìnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Yunifásítì kan ti gbà mí wọlé láti ka òfin àti tíọ́lọ́jì pọ̀, ọdún márùn-ún gbáko, ìwé ẹ̀rí méjì níparí rẹ̀. Kì í ṣe pé màá ṣe ọ̀kan tán kí n tó bọ́ sí èkejì. Pọ̀ ni màá máa kà wọ́n. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fèsì fún mi, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀.

Òfin wù mí dénú. Mo fẹ́ràn kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ kí n máa tú u wò títí màá fi rí ibi tó ti ta kókó. Ẹ̀kọ́ ìsìn náà kì í ṣe ohun eré lọ́dọ̀ mi. Láti kékeré ni mo ti ń da àwọn olùkọ́ wa láàmú nílé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi: kí ló dé tí ìlà ìdílé Jésù nínú Mátíù kò bá ti Lúùkù mu? Ta ló jókòó tó ní kí ìwé yìí wọ inú Bíbélì, kí tọ̀hún má wọ̀ ọ́? Wọ́n á ní kí n gbàdúrà sí i. Mo gbàdúrà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò kúrò nílẹ̀.

Bàbá mi ní òfin ni kí n gbájú mọ́, pé òfin ló ń bọ́ èèyàn. Pásítọ̀ wa ní òun mọ ẹni tó fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí kíláàsì tíọ́lọ́jì. Ọ̀rẹ́ mi tó wà lọ́dún kejì nínú òfin ní òun ò rí oorun sùn pẹ̀lú òfin nìkan, áḿbọ̀sì kí wọ́n tún gbé èdè Gíríìkì lé e.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ìmọ̀ méjèèjì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, àbí ńṣe ni wọ́n kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn? Ṣé àwọn tó ń gba lọ́yà síṣẹ́ ò ní máa wò mí bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì? Bí mo bá sì ṣe é tán, ṣé mo lè ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́ ìjọ? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá ni mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ jù. Ẹ ṣeun.

Ọ̀rọ̀Ṣókí

Àbúrò, mú òfin. Bíbélì wà nílé, ìwé nípa ìsìn sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o lè máa kà wọ́n nígbàkigbà tó bá wù ọ́. Òfin ò ṣeé dá kà nílé kí wọ́n sì jẹ́ kí o dúró níwájú adájọ́. Ọdún tí o bá fi kún un, ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ á ti máa gba owó oṣù ni. Mi ò sọ pé tíọ́lọ́jì ò dára o. Ohun tó máa ná ọ ni mo ń wò.

ÌyáLọ́yà

Àbúrò mi, o kú oríire. Ọ̀nà yẹn gan-an ni mo gbà, iṣẹ́ lọ́yà ni mo sì ń ṣe di òní. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá bá mi jù ni ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́ ẹlẹ́sìn àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú: ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tí ohun ìní ìjọ wà ní ìkáwọ́ wọn, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró. Jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá ọ lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọ̀rọ̀Ṣókí, òótọ́ ni pé Bíbélì wà nílé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń dá a kà nílé, ohun tí mo ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń rí nínú ẹsẹ. Ní kíláàsì, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó kọ ọ́ sí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, àti bí àwọn tó ṣáájú mi ṣe túmọ̀ rẹ̀, kí n tó lanu sọ tèmi. Tí mo bá sì sọ tèmi láìní ìdí, olùkọ́ á fi gègé pupa kọ ọ́ sétí ìwé pé ẹ̀rí rẹ dà? Ìyẹn ò ṣeé rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àbúrò, o béèrè bóyá ìmọ̀ méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ka òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bá pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, Donoghue v Stevenson ni. Lóṣù kẹjọ ọdún 1928, Ìyáàfin Donoghue wà ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní ìlú Paisley ní Scotland, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ra ohun mímu alátalẹ̀ inú ìgò kan fún un. Ìgò náà dúdú, èèyàn ò lè rí inú rẹ̀. Ó ní òun ti mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó da ìyókù sínú ife, tí òkú ìgbín tó ti jẹrà fi bá a jáde, àti pé àìsàn kọlu òun lẹ́yìn náà. Kò lè gbé ẹjọ́ náà ka orí àdéhùn, nítorí òun kọ́ ló ra ohun mímu yẹn, Stevenson tó ṣe é kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ìbéèrè tó wá dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní London ni pé, kí ni Stevenson jẹ obìnrin tí wọn ò jọ dá nǹkan kan pọ̀?

Ní 1932, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní tí ọ̀rọ̀ bá rí bí obìnrin náà ṣe wí, Stevenson jẹ ẹ́ ní ojúṣe láti ṣọ́ra. Nínú ìdájọ́ Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ni ohun tí mò ń lọ síbẹ̀ wà. Ó ní àṣẹ pé kí o fẹ́ràn ẹnìkejì rẹ, tó bá dé inú òfin, ó di pé o kò gbọ́dọ̀ pa ẹnìkejì rẹ lára; tí lọ́yà bá sì béèrè pé ta ni ẹnìkejì mi, ìdáhùn tóóró ni wọ́n máa fún un. Ó wá fa ààlà náà: àwọn tí ìwà mi lè kàn gbọ̀ngbọ̀n débi pé ó yẹ kí n ti ro tiwọn mọ́ ọn kí n tó ṣe nǹkan náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí a ka ẹjọ́ yìí, a ń ka Lúùkù orí kẹwàá ní ẹ̀ka tíọ́lọ́jì. Amòfin ló béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ Jésù, ó fẹ́ kí wọ́n fa ààlà fún òun, bí amòfin ṣe máa ń fẹ́. Jésù ò fa ààlà kankan fún un. Ó sọ ìtàn ará Samáríà, ó sì dorí ìbéèrè náà kodò: nínú àwọn mẹ́ta tó kọjá yìí, ta ló ṣe bí ẹnìkejì sí ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà? Lord Atkin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ tó bá dájọ́ tán, á ní kí ẹnìkan san owó, kò sì sí ẹni tó lè san gbèsè gbogbo ayé.

Kódà, àlùfáà àti ọmọ Léfì tí wọ́n gba òdìkejì ọ̀nà kọjá, tí o bá pè wọ́n lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfàìmọ̀ kí wọ́n má jàre, torí òfin náà kì í sábà fi dandan lé e pé kí o gba àjèjì sílẹ̀ nínú wàhálà tí kì í ṣe ìwọ lo dá a sílẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ò rí i bẹ́ẹ̀. Abala 223-6 nínú ìwé òfin ìjìyà wọn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn fi ẹni tó wà nínú ewu sílẹ̀ nígbà tó lè ràn án lọ́wọ́ láìfi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sì lè wà níbẹ̀. Mo kọ àpilẹ̀kọ lórí ìyàtọ̀ yìí, inú mi ṣì ń dùn sí i títí di òní. Ẹni tó ka òfin nìkan á há ọ̀rọ̀ Atkin sórí, ẹni tó ka tíọ́lọ́jì nìkan á wàásù lórí ará Samáríà. Ìwọ á rí ibi tí ọ̀nà ti pínyà, wàá sì lè sọ ìdí tó fi pínyà.

Òmíràn rèé. Ní 1885, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní kí ẹnikẹ́ni má san owó ọkọ̀ àjèjì tí wọ́n ti bá dá àdéhùn sílẹ̀ kó wá ṣe iṣẹ́, irú iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Wọ́n yọ òṣèré, olórin, ọmọ ọ̀dọ̀ àti irú wọn sílẹ̀, wọn ò dárúkọ àlùfáà. Ìjọ Holy Trinity ní New York lọ bá àlùfáà kan dá àdéhùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí a bá wo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, ìjọ náà ti rú òfin. Ní 1892, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá wọn láre. Adájọ́ Brewer ní nǹkan lè wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fi kọ òfin kó má sì sí nínú òfin náà, tí kò bá ti sí nínú ẹ̀mí rẹ̀. Ta ló máa ka ìyẹn tí Kọ́ríńtì Kejì orí kẹta ò ní wá sí i lọ́kàn, ìwé a máa pani, ṣùgbọ́n ẹ̀mí a máa sọni di ààyè? Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ́ Pọ́ọ̀lù dáadáa mọ̀ pé májẹ̀mú méjì ló ń fi wéra níbẹ̀. Kò kọ́ adájọ́ bó ṣe máa túmọ̀ òfin ìjọba. Èmi rò pé Brewer na ọwọ́ jù, ẹ̀kọ́ tíọ́lọ́jì gan-an ló sì jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀.

Ti ẹnu iṣẹ́ ńkọ́? Ní 2012, ẹjọ́ olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Lutheran ní Michigan dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá a dúró lẹ́yìn tó ṣàìsàn tó sì ní òun máa gba ẹ̀tọ́ òun lọ́dọ̀ òfin. Ìjọ ní òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, ìjọba ò lè yan òjíṣẹ́ fún àwọn. Gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló gbà fún ìjọ. Ohun tí ẹjọ́ náà sì dá lé ni pé, ta là ń pè ní òjíṣẹ́? Nínú ìjọ yẹn, olùkọ́ tí a pè sí iṣẹ́ yàtọ̀ sí olùkọ́ tí a kàn gbà síṣẹ́; ẹni tí a pè ti kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn, ìjọ sì ti fọwọ́ sí i. Adájọ́ Alito àti Kagan tún fi kún un pé ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn ò lo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rárá, iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe ni kí a wò. Lọ́yà tí kò mọ inú ìjọ ò ní mọ ìwé tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń dé orí tábìlì mi.

Ibi tó le wà o, kí n má parọ́ fún ọ. Òfin fẹ́ kí o yára: òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé, òfin rèé, bó ṣe kàn án rèé, ìdáhùn rèé. Tíọ́lọ́jì fẹ́ kí o jókòó ti ìbéèrè, kí o má tètè sá fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wàásù nínú ìdánwò òfin máa kùnà. Èyí tó bá ń to ẹsẹ Bíbélì jọ bí abala òfin, tó rò pé òun ti bórí ẹjọ́, kò ní rí máàkì gidi gbà níbi kejì. Èdè Gíríìkì àti Hébérù sì fẹ́ kí o fọwọ́ kàn wọ́n lójoojúmọ́. Èèyàn ò lè fi wọ́n dúró de ọ̀sẹ̀ ìdánwò bó ṣe lè ṣe àwọn kọ́ọ̀sì kan nínú òfin.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ńkọ́? Gbogbo ibi tí mo lọ ni wọ́n ti béèrè. Ẹjọ́ ará Samáríà yìí ni mo máa ń rò fún wọn, wọ́n á sì rí i pé mo lè ka ìwé tó le. Ibi tí wọ́n ti fojú pa á rẹ́, mo gbà pé kì í ṣe ibi iṣẹ́ mi.

FádàNíkọ̀ọ̀tù

Abéèrè ọmọ mi, ìbéèrè rẹ kẹta kàn mí, torí ilé-ẹjọ́ ìjọ Kátólíìkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Dìgírì tí o ń sọ yìí nìkan kò ní sọ ọ́ di agbẹjọ́rò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀. Òfin tí yunifásítì máa kọ́ ọ, òfin ìjọba ni. Òfin Kánónì, ìyẹn òfin tí ìjọ fi ń ṣàkóso ara rẹ̀, dá dúró, ó sì ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní 2002, ọdún mẹ́ta gbáko ni èèyàn fi ń gba ìwé ẹ̀rí tó ń jẹ́ láísẹ́ńsíètì. Ẹni tí kò bá sì ní ìpìlẹ̀ fílọ́sọ́fì àti tíọ́lọ́jì á kọ́kọ́ lo ọdún méjì lórí ìyẹn. Ibẹ̀ ni ìdajì tíọ́lọ́jì tìrẹ ti máa wúlò, kò ní jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

Má rò pé àlùfáà nìkan ló lè ṣe é. Ọmọ ìjọ lásán, ọkùnrin àti obìnrin, lè jẹ́ agbẹjọ́rò, ó lè jẹ́ olùgbèjà ìdè ìgbéyàwó, ẹni tó ń rò ó pé ìgbéyàwó náà dúró, ó tilẹ̀ lè wà lára àwọn adájọ́. Ẹjọ́ ìgbéyàwó ló pọ̀ jù níwájú wa: bóyá ìdè náà wáyé lóòótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ilé-ẹjọ́ méjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí ọkùnrin àti obìnrin náà tó bọ́. Póòpù Francis mú ìyẹn kúrò ní 2015.

Abala òfin tí à ń pè ní kánónì jẹ́ 1752 nínú ìwé òfin wa ti 1983, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn sì sọ pé ìgbàlà ọkàn ni òfin tó ga jù nínú ìjọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí mo bá jókòó ti ẹ̀rí àwọn tọkọtaya tó ti túká, tí omijé wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, kánónì yẹn ló ń rán mi létí ìdí tí ilé-ẹjọ́ náà fi wà.

Ìbéèrè rẹ nípa Mátíù àti Lúùkù dùn mọ́ mi nínú. Ní nǹkan bí 1140, onímọ̀ òfin ìjọ kan tó ń jẹ́ Gratian ní ìlú Bologna kó ọ̀rọ̀ àwọn baba ìjọ, ti àwọn Póòpù àti ti àwọn ìpàdé ìjọ jọ, ó sì tò wọ́n sí iwájú ara wọn níbi tí wọn ò ti bára wọn mu. Ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè: ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ? Ṣé àṣẹ ni èyí, àbí ìmọ̀ràn? Ṣé fún ibi kan ni, àbí fún gbogbo ayé? Ọwọ́ yẹn náà ni lọ́yà fi ń mú ẹjọ́ méjì tó takora. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀mọ̀wé ní Yúróòpù fi ń gba oyè lórí òfin méjèèjì pọ̀, ti ìjọ àti ti ìlú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọba Henry Kẹjọ ló fòpin sí kíkọ́ òfin Kánónì ní Oxford àti Cambridge ní 1535. Ohun tí wọ́n gbà ọ́ wọlé láti kà kì í ṣe àṣà tuntun rárá.

Tí o bá sì ń ro iṣẹ́ àlùfáà mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú, mọ̀ ní báyìí pé àṣírí tí oníbàárà sọ fún lọ́yà àti èyí tí ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún àlùfáà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti lọ́yà, oníbàárà lè yọ̀ǹda pé kó sọ ọ́. Òfin ibòmíràn sì fàyè gbà á kí lọ́yà sọ̀rọ̀ tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Kánónì 983 kò fún àlùfáà ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

ỌmọKéwú

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ tiwa, kí Abéèrè má rò pé ọ̀dọ̀ àwọn Kristẹni nìkan ni irú ẹ̀kọ́ yìí wà. Ní yunifásítì Al-Azhar ní Cairo, ẹ̀ka Ṣaríà àti òfin wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òfin ìjọba àti ti ẹ̀sìn lábẹ́ òrùlé kan. Ní yunifásítì Islam ti àgbáyé tó wà ní Malaysia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè fi ọdún kan kún un kó sì gba dìgírì kejì lórí Ṣaríà. Èmi náà ka òfin pọ̀ mọ́ Ṣaríà, mo sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ ÌyáLọ́yà pé ibi tí wọ́n ti fẹnu kora ni adùn wà.

Àpẹẹrẹ kan péré ni màá mú wá. Nínú ìpìlẹ̀ fíkì, ìyẹn ìmọ̀ òfin Islam, a ń kọ́ kíyáàsì, bí a ṣe ń fi ohun tuntun wé èyí tí òfin ti dárúkọ. Àlùkùráánì dárúkọ ọtí, kò dárúkọ gbogbo ohun tí ayé máa pọn lẹ́yìn rẹ̀. Onímọ̀ á kọ́kọ́ wá ìdí tí èyí tí a dárúkọ fi jẹ́ èèwọ̀, á rí i pé mímú tó ń mú orí èèyàn dàrú ni. Lẹ́yìn náà ló máa wo ohun tuntun náà bóyá ìdí yẹn wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ ò ṣe pàtàkì níbẹ̀, orúkọ ò ṣe pàtàkì. Nígbà tí mo wá dé kíláàsì òfin ìjọba tí wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń yọ ìdí ìdájọ́ jáde nínú ẹjọ́ àtijọ́, kí a tó mọ̀ bóyá ó de ẹjọ́ tuntun, iṣẹ́ náà ti mọ́ mi lára. Àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń jìjàkadì pẹ̀lú bí ìgò ṣe dúdú tó nínú ẹjọ́ ìgbín yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ ni àwọn olùkọ́. Wádìí bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ méjèèjì. Níbi tí a ti kà á, ẹ̀ka méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ la ń ṣe alárinà. Ìdánwò méjì á bọ́ sí òwúrọ̀ kan náà, kálukú á ní kí o lọ bẹ ẹnìkejì. Ìyẹn ló rẹ̀ mí jù, ju ìwé gan-an lọ.

Ọ̀rọ̀Ṣókí

Mo ti gbọ́ ti ìgbín àti ará Samáríà, mo sì gbà pé kì í ṣe ohun tí èèyàn lè dá kà nílé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ owó. Ẹ sọ fún ọmọ náà bó ṣe máa bọ́ tí agbára bá kúrú láàárín ọ̀nà.

AbéèrèKìíṢìnà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin Fádà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka ti ará Samáríà yẹn sétígbọ̀ọ́ bàbá mi, ó dákẹ́, ó wá ní kí n tún un kà. Ohun méjì ló kù. Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ wa ṣì wà lọ́kàn mi: ṣé ìgbàgbọ́ yín dúró? Èkejì ni èyí tí ẹ̀gbọ́n Ọ̀rọ̀Ṣókí béèrè yìí.

ÌyáLọ́yà

Ìgbàgbọ́ mi dúró, àbúrò, ṣùgbọ́n ó yí padà, mi ò sì ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ. Ẹ̀rù tó ń ba pásítọ̀ yín kì í ṣe ẹ̀rù òfo. Ẹnikẹ́ni tó bá gbà tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ Mósè nìkan ló kọ gbogbo ìwé márààrún àkọ́kọ́ láti A dé Y, tó wá jókòó ti àlàyé nípa bí àwọn ìwé náà ṣe wọnú ara wọn, ilẹ̀ á mì lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mi ò dá wà nínú rẹ̀. Mò ń lọ sí ìsìn, mo ní àgbà kan tí mò ń gbé ìbéèrè mi lọ bá, kò sì lé mi sẹ́yìn. Wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ yín gan-an lè jẹ́ ẹni náà tí o bá bẹ̀ ẹ́. Ìwọ tí o ti ń béèrè nípa Mátíù àti Lúùkù láti kékeré, ìbéèrè náà ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọ lójijì níbẹ̀ bó ṣe ń bá ẹlòmíràn.

Ní ti bàbá rẹ, èrò rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Calvin, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàtúnṣe ìjọ ní Yúróòpù láyé àtijọ́, kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé tíọ́lọ́jì ni bàbá òun kọ́kọ́ fẹ́ fún òun, tó fi rí i pé òfin ń sọ àwọn tó ń ṣe é di ọlọ́rọ̀, ló bá yí òun padà. Orléans àti Bourges ni ó ti ka òfin náà, ẹni tó bá sì ṣí ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lẹ́yìn náà á rí ọwọ́ amòfin nínú bó ṣe to àlàyé rẹ̀. Luther, alátùn-únṣe ìjọ bíi tirẹ̀, ló ṣe òdìkejì: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òfin ní Erfurt ní 1505 nígbà tí ìjì àrá ká a mọ́ ọ̀nà, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó sì wọ ilé àwọn mọ́ńkì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìwọ ò ní láti ṣe bí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ̀bùn tí wọ́n fún ọ ni pé o ò ní já ọ̀kan sílẹ̀ kí o tó mú èkejì.

Lórí owó, ẹ̀gbọ́n Ọ̀rọ̀Ṣókí sọ òótọ́ tó yẹ ká gbọ́. Ohun tó ń dín ọdún kù ni àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa kà fún ìhà méjèèjì. Ní yunifásítì Emory ní Atlanta ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ní ibùdó ẹ̀kọ́ lórí òfin àti ẹ̀sìn láti 1982, ọdún mẹ́ta ni òfin, ọdún mẹ́ta ni dìgírì iṣẹ́ òjíṣẹ́, ọdún márùn-ún sì ni méjèèjì tí a bá kà wọ́n pọ̀. Béèrè èyí tí wọ́n máa kà fún ìhà méjèèjì ní tìrẹ.

Kọ lẹ́tà sí yunifásítì náà lọ́la, má dúró di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Bi wọ́n bóyá ìdajì òfin náà pé lójú àwọn tó ń gba èèyàn wọ iṣẹ́ lọ́yà níbi tí o fẹ́ ti ṣiṣẹ́. Ní Australia, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀ka mọ́kànlá ló wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́dọ̀ fo ọ̀kan nínú wọn. Bi wọ́n pé tí agbára bá kúrú lọ́dún kẹta, ṣé o lè fi tíọ́lọ́jì sílẹ̀ kí o sì jáde pẹ̀lú dìgírì òfin láìtún ọdún kankan ṣe? Bi wọ́n nígbà tí èdè Gíríìkì máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọdún àkọ́kọ́, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un sí ọdún kejì, kí òfin lè kọ́kọ́ mọ́ ọ lára. Jẹ́ kí wọ́n fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí ọ ní kíkọ, kì í ṣe lórí fóònù. Tí èsì bá dé, gbé e wá síbí, a ó bá ọ kà á.